Ìyá Aláró Dáhùn: Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ọjọ́ Tí Ọjà Bàjẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀gbẹ́ okùn tí mo ti ń sá aṣọ ni mo jókòó sí tí mo fi kà wọ́n tán, mo sì mú márùn-ún síwájú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn ń kàn: báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọgbọ́n òwò lára ẹni tí òwò ti yẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú ìwé yìí, aláró ni mí ní Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta. Ní 1968 ni mo wọ ilé aró lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fi ń dá yín lóhùn.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ olómi ni mò ń pò tà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Láàárín ọdún kan, ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni mo ti sanwó lọ, èyí tó wọ́n jù gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ti dúró dáadáa ni wọ́n máa ń pè wá bá wa sọ̀rọ̀. Inú mi á dùn, màá kọ̀wé kún ìwé. Bí mo bá wá délé, ọṣẹ mi kì í tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé èmi ni mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, àbí kí ló dé? — Ọlọ́ṣẹ Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, etí rẹ ò di. Ibi tí o jókòó sí ni kò jẹ́ kí o rí nǹkan. Ẹni tí wọ́n gbé sórí àga níwájú èrò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ohun tó dùn ún gbọ́ ni yóò sọ. N kò ní ó ń purọ́ o. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti yó bá ń sọ ìtàn ebi, ìtàn náà á kúrú.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ bi àwọn léèrè ọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí ẹ máa ń bi wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ṣe é?” Wọ́n á ní àdúrà ni, wọ́n á ní ìforítì ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ìforítì po ọṣẹ. Ohun tó yẹ kí o bi wọ́n ni pé: Ọdún wo ni owó ọjà yín run tán? Kí ló jẹ ẹ́? Kí lẹ kọ́kọ́ tà kí ẹ tó tún rówó dá padà? Oníbàárà wo lẹ lé lọ, kí ló sì dé tí ẹ fi lé e? Bí o bá bi wọ́n báyẹn, wọ́n á dákẹ́ ná. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kí o kọ.

Jẹ́ kí n fi ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Ìgboro Èkó ló ń sọ ọ́ pé, “Orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́.” Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ, tí à ń fi í rẹ́rìn-ín. Ènìyàn gidi ni alájọ Ṣómólú o. Alphaeus Táíwò Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsan-Ìjẹ̀bú ni. 1915 ni wọ́n bí i, ó sì pa ojú dé ní 2012. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ó lọ ṣe àtìpó ní Kamẹrúùnù, ìgbà tó padà wálé ní 1954 ló dáwọ́ lé àjọ gbígbà. Orí pípé tí wọ́n ń wí yẹn, ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé ó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé ìparí rẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀, bí oṣù bá sì pé, á ka ti oníkálukú fún un láìṣì.

Mọ́tò tó tà wá ńkọ́? Rò ó wò. Iṣẹ́ alájọ ni pé kó dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta, kó dé ọ̀dọ̀ oníwàràkàṣì, kó yà lọ́dọ̀ aránṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé ilé kẹta, lójoojúmọ́ ayé, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Àdúgbò tí ilé ti ń fara gbún ilé ni Ṣómólú. Mọ́tò kò lè gba àárín ìsọ̀ kọjá, kẹ̀kẹ́ gbà á. Mọ́tò ń mu epo, kẹ̀kẹ́ kì í mu nǹkan kan. Ọkùnrin yìí ta ohun tó ń fún un níyì, ó ra ohun tó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ọdún gọbọi ni ìlú fi ń fi ẹnu yẹ̀yẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ òwò gidi ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó yá, ìwọ Ọlọ́ṣẹ, mọ́tò wo ló wà nínú òwò tìrẹ? Nínú lẹ́tà rẹ tó gùn (n kò lè tẹ gbogbo rẹ̀ síbí), o sọ pé ike alámì tí o ń rọ ọṣẹ sí ń gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọṣẹ inú rẹ̀. Àwọn olóúnjẹ Mọ́kọ́lá tó ń fọ abọ́ láti ìdájí di alẹ́, ṣé ike ẹlẹ́wà ni wọ́n ń wá? Kẹ́ẹ̀gì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Gbé ọṣẹ rẹ sínú garawa, kiri lọ bá wọn ní ìdí ìkòkò, kí o wọ̀n ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì tiwọn. ₦35,000 ìpàdé yẹn nìkan, lítà ọṣẹ mélòó ni ìbá pò?

Èkejì, èyí sì ni mo fẹ́ kí o dì mú jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dójú ìwọ̀n kì í mọ ohun tó mọ̀. Ní nǹkan bí 1981, ìyá kan wà ní ìsọ̀ kejì sí tiwa. Aṣọ rẹ̀ kì í ṣí. Tiwa ń ṣí: oníbàárà á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi á dà bí omi aró, á sì gbé e padà wá pẹ̀lú èébú. Mo bi ìyá yìí títí, odidi ọdún kan, ẹ̀rín ló ń fi mí rín. Ó ní aró kan náà tí àwa ń rà lọ́wọ́ Hausa ni òun náà ń rà. Òótọ́ ni. Nígbà tó yá, mo ní kó jẹ́ kí n máa wá bá a ṣan aṣọ láàárọ̀ kí n tó lọ sí ìsọ̀ wa. N kò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Àwa, bí a bá ti yọ aṣọ nínú aró báyìí, omi là ń kì í bọ̀, nítorí oníbàárà ti dúró tì wá. Òun á fún un, á ta á sórí okùn, á sì lọ jẹ ẹ̀kọ. Aṣọ yẹn á wà níbẹ̀ ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i, títí gbogbo àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á fi di àwọ̀ aró, kódà nínú ìṣẹ́po ibi tí wọ́n dì í. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò wá ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á máa wo omi. Bó bá wá gbẹ, á mú àkísà funfun, á rẹ ẹ́ sómi, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí aṣọ náà, á ka ení, èjì títí dé ogún. Bí àkísà bá mú aró, aṣọ padà sínú omi nìyẹn. Mo ní, “Ìyá, ẹ ò wí èyí fún mi látọdún yìí.” Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu. Ó rò pé gbogbo aláró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Títí dòní ni mo ń ka ení, èjì títí dé ogún. Nítorí náà, wá ìyá kan tó ti ń ta ọṣẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Bódìjà. Má mú ìwé ìkọ̀wé lọ, apá ni kí o mú lọ. Bá a ru ẹrù fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o máa wo ohun tó ń ṣe nígbà tí kò rò pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, síbẹ̀ mi ò lówó. Gbèsè ló wà níta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ mí, ẹbí ni wọ́n, àwọn yòókù jẹ́ ará ìjọ wa. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní mo ti gbéra ga. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? — Aránṣọ tí àwìn ń pa

Ọmọ mi, àwìn ti pa mí rí, mo sì jíǹde. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ọdún 1997 ni. Ìdílé ńlá kan fẹ́ ṣe ìsìnkú ìyá wọn, wọ́n wá bá mi fún aṣọ ẹbí. Kàmpálà yáàdì márùn-ún márùn-ún, ọgọ́fà. Wọ́n san ti ogójì, wọ́n ní bí ìnáwó bá parí, owó tí wọ́n bá ná àwọn lágbo ni àwọn á fi san ìyókù. Owó àjọ tí mo kó lóṣù yẹn, tèmi àti ti ẹnì kejì tó yá mi, ni mo kó ra gínì àti aró. A ò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ ìsìnkú pé, mo lọ, mo rí gbogbo àgbàlá tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ mi, orí mi wú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo lọ sí ilé yẹn láti gba owó. Ní ìgbà kẹ́sàn-án tàbí ìkẹwàá, mo jókòó sí pálọ̀, mo gbójú sókè, mo rí i pé wọ́n ti fi aṣọ mi ṣe kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì tí n kò tí ì gba owó rẹ̀ ló ń fẹ́ sí mi lójú. N kò gba owó náà títí di òní. Ẹnì kejì tó yá mi lówó àjọ, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi san án.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kò bú mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àwọn ìyá àwọn. Láyé ìgbà náà, àwìn ni àwọn aláró Abẹ́òkúta fi ń gba aṣọ funfun lọ́wọ́ àwọn kánpánì òyìnbó. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tà á, wọ́n á wá san owó. Bí ọjà bá ń lọ, ó dára. Nígbà tí ọjà kú ní àwọn ọdún 1930, gbèsè kò kú. Aṣọ wọ́n, èrò tó ń rà á ò sí, kánpánì ń béèrè owó. Àwọn mìíràn wá ń lo sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn èèyàn ní ìyẹn ló ń ba adìrẹ jẹ́, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin dè é. Àwọn aláró yarí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààfin, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó lé e lórí ní 1936. Ìtàn sódà yẹn ni gbogbo ayé ń sọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹnu mọ́ fún mi ni àwìn tó wà lábẹ́ rẹ̀: obìnrin tó jẹ kánpánì lówó, tí ẹlòmíràn sì jẹ òun náà lówó, àárín ló wà, àárín ló sì ti máa ń já.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti pín owó aṣọ sí méjì lọ́kàn mi. Èkíní ni owó tí mo fi ra nǹkan: gínì, aró, sódà, igi ìdáná, owó ọmọ tó bá mi dì í. Èkejì ni owó ọwọ́ mi. Bó o bá jẹ́ ẹbí mi, bó o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, mo lè fi owó ọwọ́ mi dúró dè ọ́. Owó nǹkan, kò sẹ́ni tí mo ń wín in. N kì í jiyàn, n kì í ṣàlàyé púpọ̀. “Ẹ mú owó aṣọ àti aró wá, èyí tó jẹ́ tèmi, ẹ san án bó bá rọ̀ yín lọ́rùn.” Ìwọ náà, àárẹ̀ ọwọ́ rẹ nìkan ni kí o máa wín. Òwú, síìpù, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sínú aṣọ, epo jẹnẹrétọ̀, owó wọn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí o tó fi ṣísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Bí wọn ò bá san ìyókù, oorun lo pàdánù, owó ọjà rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti àwọn ẹbí, ohun tí mo ń ṣe rèé. Mo mọ ẹni tí kò ní san. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aṣọ kan, mo á sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹ̀bùn ni. Inú rẹ̀ á dùn, á ṣàdúrà fún mi. Ìgbà tó bá tún padà wá, kò ní lẹ́nu láti wín àwìn. Má kọ gbèsè tí o mọ̀ pé o kò ní gbà sínú ìwé, ìbínú ni yóò máa tọ́jú fún ọ.

Ìyá, ṣé kí n yá owó lórí fóònù láti fi kún ọjà? Kíákíá ni wọ́n ń fún èèyàn. — Oníbàtà, Ìwó

Rárá. Owó tó yá kíákíá, kíákíá náà ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan, bàtà rẹ kò sì ní tà tán láàárín ìyẹn. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi àtẹ̀ránṣẹ́ bà lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fi sùúrù tọ́jú owó níbẹ̀, kí o wá yá èyí tó bá agbára rẹ mu.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ ni mí, mo fẹ̀yìn tì l'Ọ́dún tó kọjá, n'Íjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti san owó ìfẹ̀yìntì mi. Aládùúgbò mi kan ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, ó ti fi kọ́ ilé, ó ní kí n bọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń wọ̀ mí. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Tíṣà

Ẹ kú àfarada, Ìyá Tíṣà, ẹ sì kú oríire. Owó tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ mí èéfín ṣọ́ọ̀kì fún nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó lọ láìṣọ́.

N kì í sin adìẹ, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi sìn ín fún ogún ọdún ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, mo sì máa ń bá a ṣírò owó. Ilé tí aládùúgbò yín kọ́, ẹ má tíì wò ó. Adìẹ ni kí ẹ lọ wò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbà yín láyè kí ẹ máa wá láàárọ̀ fún oṣù kan gbáko, kí ẹ bá a gbé omi, kí ẹ bá a ṣa ẹyin. Bó bá jẹ́ pé tọkàntọkàn ló fi pè yín, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá kọ̀ fún yín, ìyẹn náà ti dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá wà níbẹ̀, àwọn nǹkan tí ẹ máa bi í rèé. Adìẹ ọjọ́ kan tí ẹ rà, yóò tó oṣù mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ní gbogbo oṣù yẹn, ó ń jẹun, kò sì mú kọ́bọ̀ wálé. Ta ló ń bọ́ ilé nígbà náà? Oúnjẹ adìẹ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ náà mì. Àgbàdo àti sóyà ló wà nínú rẹ̀, àgbàdo kì í sì dúró sójú owó kan. Kí ló ṣe lọ́dún tí àgbàdo wọ́n gógó? Lúkúlúkù ńkọ́, ìgbà wo ló wọlé tọ̀ ọ́ kẹ́yìn, mélòó ló sì kù lórí ẹsẹ̀?

Bó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, ẹ béèrè ọdún 2006 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún yẹn ni àìsàn ẹyẹ tó ń jà káàkiri ayé kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wa yìí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Adìẹ àbúrò ọkọ mi kò kó o rárá. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹyin. Ó ń ru kírétì kiri bí ẹni tó ń ru òkú. Ẹ tún béèrè ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó bébà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹyin jókòó sílẹ̀ lóko, adìẹ kò sì gbọ́ pé owó ò sí, ó ń yé e lọ. Ẹni tó bá sọ ọdún méjèèjì yẹn fún yín láìfo ibì kankan, olùkọ́ yín nìyẹn. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló lọ déédéé, ẹ bá a jẹun, ẹ bá a ṣeré, ẹ má bá a dówó pọ̀.

Bí ọkàn yín bá wá fà sí i lẹ́yìn oṣù kan, ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyókù síbi tí ọwọ́ yín ò ti ní tètè tó o. Ẹ sì fi orúkọ àwọn tó mọ̀ nípa oògùn ẹran sọ́wọ́ kí adìẹ kankan tó dé ilé yín, nítorí lúkúlúkù kì í dúró de ẹni tó ń wá nọ́ńbà.

Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Àmàlà ni mò ń tà ní Ṣàgámù, ọdún kẹrin rèé. Èrò máa ń tò sórí ìlà lọ́sàn-án. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú tí mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn kan ní kí n má pẹ́, àwọn kan ní ó ti yá jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí òwò, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? — Alámàlà, Ṣàgámù

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa. Ọdún mẹ́rin lórí àmàlà, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Mo ti ṣe é rí, n kò sì ṣe é re. Ní 2008, mo gba ìsọ̀ kan n'Íbàdàn, nítorí àwọn oníbàárà mi láti ibẹ̀ pọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ti gba fríìdọ̀m lọ́dọ̀ mi ni mo fi síbẹ̀, ọmọ dáadáa, kì í jalè. Oṣù mẹ́rìnlá péré ni mo fi ṣe é kí n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Èrò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ kí wọ́n tètè lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kò tẹ àkísà mọ́ ọn. N kò sì lè bú u, nítorí n kò kọ́ ọ ní àkísà yẹn rí. Bí ìyá ìsọ̀ kejì ọjọ́sí ṣe ṣe sí mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sí i. Mo rò pé ó ti rí i lọ́wọ́ mi. Àwọn ará Ìbàdàn ò jà, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ń wá sí Ìtọ́kú padà láti ra tọwọ́ mi ni.

Wo Ìyá Nike, Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ilé àwòrán alájà márùn-ún tó wà ní Lẹ́kí, l'Ékòó, ni gbogbo èèyàn ń rí lọ́kàn. 2009 ni ìyẹn. Lọ wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá ńlá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ adìrẹ àti aṣọ híhun. Òṣogbo ló ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1983, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Ògìdì tẹ̀lé e ní 1996, ti Àbújá ní 2002. Èèyàn ló kọ́kọ́ tò kalẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé ilé ńlá yẹn lé wọn lórí. Èmi kọ́kọ́ gba ìsọ̀, mo wá ń wá èèyàn. Bí mo bá rí ẹni tó bi mí léèrè, ohun tó dùn mí jù nínú òwò mi nìyẹn, kódà ju ti kọ́tìnnì lọ.

Nítorí náà, má tíì san owó Ìkòròdú. Ta ló ń ro àmàlà rẹ ní Ṣàgámù? Mo fẹ́ gbàgbọ́ pé ìwọ ni. Ta ló ń wo èlùbọ́ ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá dé tó ní ìkúnná tó yàtọ̀, tó fẹ́ omi díẹ̀ sí i? Ta ló mọ ìgbà tí kán-ún inú ewédú ti pọ̀ jù? Àwọn nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, tí o kò tí ì fẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni rí, jókòó kí o sọ wọ́n jáde. Mú ọ̀kan nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ, kó máa ro ó lójú rẹ fún oṣù mẹ́ta, kí o má fọwọ́ kan ọmọrogùn.

Lẹ́yìn náà, kúrò ní Ṣàgámù fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ kí àwọn èèyàn rẹ. Má pè wọ́n lórí fóònù láti béèrè iye tí wọ́n tà. Bí o bá dé, má kọ́kọ́ ka owó. Lọ bá àgbàlagbà kan nínú àwọn tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ lójoojúmọ́, kí o bi í bóyá ó ṣàkíyèsí pé o kò sí nílé. Kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fún onílé Ìkòròdú ní kọ́bọ̀.